Má Jókòó Sórí Àga Onígbèsè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọ̀rẹ́ tí ẹ ní ní Òṣogbo, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù jẹnẹrétọ sí Òkè-Fìà, kí ẹ sì máa tajà láwìn. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ọ̀rẹ́ yín á ti kún dé Àbẹ̀rẹ̀. Wọn á máa juwọ́ sí yín láti inú kẹ̀kẹ́, wọn á máa pè yín ní ọ̀gá, wọn á máa ṣàdúrà pé kí ajé bu igbá yín jẹ. Àdúrà náà á máa dé lásìkò. Owó ni kì í tètè dé.

Èmi ti ṣe tíṣà rí. Ìṣirò ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ kí n tó sọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, tí mo di ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ, fáànù àti fìríìsà. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà ìṣirò tí kò lè ka owó ara rẹ̀, nítorí pé owó náà kò sí nílé tí yóò kà á.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: Kò Sí Àwìn Lónìí, Ẹ Padà Wá Lọ́la. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ kà á, ó mi orí, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, n kò tíì gbálẹ̀ tán tó fi yọ. Ó ní òun ti padà wá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì gbé fáànù fún un láwìn. Ó san owó náà ṣá o, nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ẹnikẹ́ni kò nílò fáànù mọ́.

Owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọjà yìí kì í ṣe tèmi. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló yá mi, ìyá àgbàlagbà tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Iléṣà, bí ẹni pé kò sí màmá mìíràn ní Iléṣà. Màmá ta aṣọ títí wọ́n fi darúgbó, wọ́n kọ́ ilé kékeré kan, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ wọn àti rédíò wọn. Nígbà tí wọ́n fún mi lówó náà, wọ́n ní kí n máa lò ó, ọjọ́ tí àwọn bá fẹ́ ẹ, àwọn á wí. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kò wí nǹkan kan. Èmi náà kò rán wọn létí. Ta ni í jí olówó rẹ̀ lójú oorun?

Ìgbà tó yá, ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, àkọ́rọ̀ òjò fẹ́ wọlé. Ìjì kan jà ní Iléṣà, ó sì ká páànù orí ilé Màmá bí ẹni ká ẹní. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọn kò sunkún, wọn kò pariwo. Wọ́n ní orí ulé àwọn ti lọ kí àwọn ará òdìkejì títì (àwa Ìjẹ̀ṣà, ulé là ń pe ilé). Wọ́n ní àwọn ọmọ ìjọ ti fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n tapólì kì í ṣe páànù, ìjì mìíràn á gbé òun náà lọ. Wọ́n wá ní, "Owó mi, mo fẹ́ ẹ báyìí. Òjò ńlá ń bọ̀."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo rántí pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn oníbàárà mi ń sọ fún mi nìyẹn.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò lè ra ìṣó dé ìdajì. Kì í ṣe pé mo ná owó náà ní ìnákúnàá. Owó náà wà, ilé onílé ló wà. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn kan lára ní Àbẹ̀rẹ̀, ó ń mú omi dì fún àwọn kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń dún gbàmùgbàmù ní ẹ̀yìnkùlé Alájì kan ní Òkè Baálẹ̀.

Alájì yìí, télọ̀ ni, ọmọ ilé àwọn télọ̀. Ó ń fi ẹ̀rọ ya ọnà sí ọrùn agbádá débi pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa na ọrùn kí aráyé lè rí i. Jẹnẹrétọ ńlá tó ń gbé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ti gbé e. Ó san díẹ̀, ó ní ìyókù ń bọ̀. Bí mo bá pè é, á ní, "Tíṣà, ẹ ò tíì rí àláàtì ni? Nẹ́tíwọ̀kì ni o." Mo gbà pé nẹ́tíwọ̀kì wa kò dára, ṣùgbọ́n ti Alájì nìkan ló ń ṣàìsàn láti ọdún tó kọjá. Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Onígbèsè tí èèyàn kórìíra, ó rọrùn láti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó mọ àwàdà.

Mo wá rántí irú ọmọ tí mo jẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn á tà á láwìn, wọn á sì dá ìgbà tí wọn ó padà wá gbowó. Bí ìgbà náà bá pé tí onígbèsè ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ọmọ Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó ni òun máa ló títí owó òun á fi pé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Wọ́n ní bí wọ́n bá lóṣòó sílé onígbèsè, adìyẹ ilé náà á yé, á sà ba, á pamọ, wọn ò ní í dìde. Mo bi ara mi pé kí ni mo ń fi fóònù bẹ èèyàn fún, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ òṣómàáló wà lára mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ ọ̀kadà lọ sí Òkè Baálẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kí ẹ sì mọ̀ pé èmi yìí, n kò lóṣòó fún ọjọ́ pípẹ́, àyàfi fún ohun tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ilé ìyàgbẹ́ òyìnbó sì ti gbà lọ́wọ́ wa. Mo dé ẹnu ọ̀nà Alájì, mo kí wọn nílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún. N kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí orúnkún mi fi dún. Alájì gbọ́ ọ nínú ilé. Ó jáde, ó ní ṣé tíṣà ni òun ń wò yìí, ó ní kí wọ́n gbé àga wá kíá, pé àgbà kì í wà lórí ìdúró. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga oníkùṣínì jáde. Mo wo àga, àga wò mí. Mo jókòó.

Kí n tó rántí ohun tí mo bá wá, ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ti dé iwájú mi. Alájì ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó mú aṣọ wá pé kí òun dín ikùn rẹ̀ kù, bí ẹni pé aṣọ ló sanra. Mo ń jẹ, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó mú mi wọlé, ó fi ọnà tuntun kan tó ń ṣe hàn mí, mo yìn ín, ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà tó fẹ́ lọ mọ́ṣáláṣí ni mo tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ owó. Ó ya ẹnu. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ owó ni ẹ bá wá? Ẹ ò sì sọ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Inṣà Allāhu." Ìyàwó rẹ̀ di mọ́ínmọ́ín fún mi lọ sílé. Bí òṣómàáló ilé wa ṣe padà dé nìyẹn, ó yó, ó sì mú ẹrù bọ̀.

Mo pe Màmá láti ròyìn. Mo rò pé wọn á rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ́tí gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí pé, "Níbo lo jókòó sí?"

"Orí àga ni, Màmá."

"Àga ta ni?"

"Àga Alájì."

"O jẹun?"

"Mo kàn tọ́ ọ wò ni."

"Kí lo tọ́ wò?"

"Mọ́ínmọ́ín."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Màmá. Wọ́n fi ẹyin sí i."

Mo ń gbọ́ rédíò wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí. Wọ́n ní bàbá àwọn kì í jókòó sórí àga onígbèsè, wọn kì í sì í mu omi rẹ̀, àfi ìgbà tí owó bá ti wọ àpò wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó dúró, ìjà ló wá jà, àwọn èèyàn á là á, wọn á ní kó máa lọ. Ẹni tó jókòó, àlejò ni, wọn á fún un lóúnjẹ, wọn á ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lóṣòó, kò jà, kò sì ṣàlejò. Wọn ò mọ ohun tí wọn á ṣe fún un ju kí wọ́n san owó rẹ̀ lọ."

Mo ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Mo ní n ó padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, ọjà pọ̀, mo fi sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀run ń ṣú, ó ń là. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òjò kékeré kan rọ̀ ní Òṣogbo tí kò rin ilẹ̀ dáadáa, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá kò dé Iléṣà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń to fáànù síta, mo rí Màmá tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú báàgì kékeré kan lápá. Inú mi dùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn kú ọ̀nà, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé ọ̀ràn Alájì parí lónìí, ọmọ òṣómàáló gan-an ló dé yìí, a jọ máa lọ sí Òkè Baálẹ̀ ni. Mo sáré gbé àga mi tó ń yí jáde, èyí tí mo fi ń ṣe ọ̀gá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní o ṣeun. Wọn kò jókòó. Mo bu omi tútù wá. Wọ́n ní o ṣeun. Wọn kò gbà á. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ká ìró wọn jọ, wọ́n sì rọra lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Orúnkún wọn kò dún rárá.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ibí kọ́ ni ilé Alájì."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Òkè Baálẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wọ kẹ̀kẹ́."

Wọ́n gbójú sókè wò mí, ojú wọn tutù pẹ̀sẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi àti Alájì kò mọra rí. Ṣé òun ni mo yá lówó?"

Mo rọra gbé omi náà sílẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, mo ti rí onírúurú ìtìjú, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Màmá kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ẹni tó bá kọjá tó kí wọn, wọn á kí i padà tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Bí ó bá bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan, wọn á ní, "Kò sí o, mo wá gba owó mi lọ́wọ́ ọmọ mi ni. Ọmọ dáadáa ni, á san án." Bí wọ́n ṣe ń yìn mí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kéré sí i. Ọkùnrin Àbẹ̀rẹ̀ ọjọ́sí, ẹni tó padà wá lọ́la, tún dé. Mo mọ̀ lójú rẹ̀ pé fìríìsà ló fẹ́, mo sì mọ̀ pé àwìn ni. Ó kí Màmá, wọ́n dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn. Ó wo Màmá nílẹ̀, ó wò mí lókè, ó béèrè iye tí bọ́ọ̀bù iná jẹ́, ó fi owó lé mi lọ́wọ́, ó lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà fún ọkùnrin yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí àwọ̀ owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Màmá, nínú yanrìn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, oòrùn ń le, àgbà wọn ti kọjá irú èyí. Ẹni tó bá ti òdìkejì títì wò wá á rò pé ìsìn kan la ń ṣe, ọ̀kan lóṣòó, èkejì nà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde, ò ń ba ẹ̀wù rẹ jẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣeé kàn mọ́ orí ulé."

Mo wá fi ìbínú sọ pé ó dáa, n ó háyà ọkọ̀ akẹ́rù, n ó lọ gbé jẹnẹrétọ mi kúrò nílé Alájì lónìí. Màmá mi orí. Wọ́n bi mí pé kí ni Alájì fi ń ṣe. Mo ní ó fi ń rán aṣọ. Wọ́n ní, "Aṣọ tó ń rán ni yóò fi san owó rẹ. Bí o bá gbé e, ìwọ á ní jẹnẹrétọ àlòkù, òun á ní àwáwí tuntun." Wọ́n ní kí n padà lọ síbẹ̀. Kí n kí i dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí n sọ iye owó náà lẹ́ẹ̀kan, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, kí n sì panu mọ́. "Ẹ̀yin tíṣà," wọ́n ní, "ẹ máa ń sọ̀rọ̀ títí onígbèsè á fi rí ibi sá gbà."

Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wọn, mo lọ. Ní ẹnu ọ̀nà Alájì, mo kí, mo sì lóṣòó. Orúnkún mi tún dún, n kò dá a lóhùn. Alájì yọjú, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín dé. Òórùn rẹ̀ gba imú mi wọlé, ó lọ bá inú mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ní rárá, ẹ ṣeun. Wọ́n bu omi. Mo ní rárá.

Omi yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Kí èèyàn kọ oúnjẹ ní ilé Alájì, wọn á ní ó yó ni. Kí èèyàn kọ omi, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Alájì yọ tépù tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wá sún mọ́ mi, ó wò mí títí, ó ká jàlàbíà rẹ̀ sókè, òun náà sì lóṣòó síwájú mi, kí a lè rí ojú ara wa. Tirẹ̀ náà dún.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Mo sọ iye owó náà. Mo ní ìyá àgbàlagbà kan ló ni í, àbúrò bàbá mi, pé ìjì ti ká orí ilé wọn lọ, òjò sì ń bọ̀. Mo ní bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n wà lórí òṣó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, nínú oòrùn, wọn ò mu omi mi. Mo fẹ́ fi nǹkan míì kún un, mo rántí ohun tí Màmá wí, mo panu mọ́.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò lọ́jọ́ kan. Ìdákẹ́jẹ́ níwájú onígbèsè máa ń wúwo ju jẹnẹrétọ lọ. Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé òun náà ń retí owó, pé àwọn ọ̀gá ńláńlá ti wọ agbádá òun lọ síbi ìnáwó, wọ́n ti wọ̀ ọ́ bọ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, owó rẹ̀ ò tíì dé. N kò dáhùn. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá arúgbó lóṣòó nínú oòrùn ní Òkè-Fìà nítorí jẹnẹrétọ mi. Tíṣà, kí ni n ó sọ lọ́run?"

Ó di ògiri mú, ó dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó mú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́. Owó tó ń kó jọ fún àgbò Iléyá ló wà nínú rẹ̀. Mo ní Alájì, ẹ má fi ọdún yín ṣe é. Ó ní àgbò náà ṣì ń jẹ koríko níbi tó wà, kò tíì mọ ẹni tó máa ra òun, inú rẹ̀ á dùn bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i. Owó náà fi díẹ̀ lé ní ìdajì gbèsè rẹ̀. Ó kọ̀, kò kó o fún mi. Ó ní ọwọ́ ẹni tó lóṣòó ni yóò bọ́ sí.

Ó fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi. Màmá ṣì wà níbi tí mo fi wọ́n sí, wọ́n ń ṣàlàyé fún obìnrin kan bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà kí ó tètè rọ̀. Alájì dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀rá náà sí wọn. Màmá kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ya owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n wá ní, "Ìyókù ńkọ́?"

Alájì ní òun á máa mú díẹ̀díẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

"Kì í ṣe Jímọ̀," Màmá ní. "Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, o ti ra ẹran, o ti ṣe sàárà, ohun tó kù nínú àpò rẹ á máa jẹ́ afẹ́fẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni, ní òwúrọ̀, kí ẹran tó rí owó náà."

Alájì kọjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí, bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ máa lóṣòó fún Áńgẹ́lì."

Màmá ní, "Bí ó bá jẹ wá lówó ni o. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ mọ bí a ṣe ń fún èèyàn lóúnjẹ. Kí ni owó ṣe yín?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi àti Alájì wá mú wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì láti gbé wọn dìde. Wọ́n ní kí a rọra, pé àwọn kì í ṣe fìríìsà. Nígbà yẹn ni wọ́n mu omi. Wọ́n mu ún tán, wọ́n tún béèrè òmíràn.

Wọ́n jókòó sórí àga ọ̀gá mi, wọ́n sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwa méjèèjì lẹ́kọ̀ọ́. Fún Alájì, wọ́n ní kí ó máa gba ìdajì owó kí ó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Bí aṣọ bá sì jáde tí owó kò tíì pé, kí ó fún oníbàárà ní ṣòkòtò àti fìlà. "Agbádá ni kí o dì mú. Kò sí ọ̀gá tó lè wọ ṣòkòtò lásán lọ síbi ìnáwó." Alájì fọwọ́ lu itan, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń rán aṣọ, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún òun. Fún èmi, wọ́n ní n kò lè ṣàìtà láwìn, mo ti ní ojú àánú jù, ṣùgbọ́n kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọjà tí kò fi nǹkan sílẹ̀. Kí n mọ ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé, kí n sì ti wà ní Àbẹ̀rẹ̀ kí onítọ̀hún tó délé bá ìyàwó rẹ̀. Kí n yé pe èèyàn lórí fóònù, ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí n pa ohun tí mo kọ sára ògiri rẹ́, pé ó ń kọ́ àwọn onígbèsè ní ọgbọ́n.

Mo fi ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi kún owó Alájì. Ó tó páànù yàrá àti pálọ̀, ó tó pákó àti owó káfíńtà. Kò tó ti ilé ìdáná. Màmá ní kò burú, ilé ìdáná lè dúró de Ọjọ́bọ̀. Wọ́n kọ̀ láti sùn ní Òṣogbo, wọ́n ní adìyẹ àwọn ò tíì jẹun, wọ́n sì wọ ọkọ̀ Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú owó wọn níbàdí.

Alájì ń mú owó wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tí kò bá wá, mo máa ń lọ, n kì í sì í jókòó. Orúnkún mi ti ń mọ ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ pé kí ó fi ọmọrí bo mọ́ínmọ́ín títí owó á fi jáde, lẹ́yìn náà ni a máa ń jẹun, tí Alájì á sì máa sọ bí àwọn ọ̀gá Àbẹ̀rẹ̀ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nítorí agbádá.

Òjò ńlá náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń fa fáànù wọlé, fóònù mi dún. Màmá ni. Mo gbé e sétí, n kò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo lọ, ariwo kan tó ń dún ràràrà bí ẹni da àgbàdo sínú agbada. Mo pariwo pé Màmá, n ò gbọ́ yín. Ariwo náà kò dáwọ́ dúró. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé mi pé wọn kò tíì sọ̀rọ̀ rárá, wọ́n gbé fóònù sókè sí àjà ni, kí n lè gbọ́ òjò lórí páànù tuntun.

Nígbà tó pẹ́, ohùn wọn dé. Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, Màmá. Ẹ kú orí ire."

"Ẹsẹ̀ mi gbẹ," wọ́n ní. "Bẹ́ẹ̀dì mi gbẹ. Ilé ìdáná ṣì ń jò o. Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀la."